Aago Ìdáná Orísíà

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ni aago náà fi sáré ju ti rédíò lọ.
Orísíà gbé ẹjọ́ rẹ̀ sọdá yìnyín wá bá mi,
bàtà ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, ó ń pa pọ̀ọ̀ pọ̀ọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
"Biti," ó ní (Adégbìtẹ́ kò gba ẹnu rẹ̀ rí),
"ìwọ tó o mọ̀ nípa iná, wá bá mi wò ó.
Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti wà lára ògiri,
kò ṣe báyìí nígbà tí Pẹ́tírò wà láyé."

Mo ní aago náà kò ṣàìsàn.
Kíkà ló ń kà:
bí iná bá lọ, tó bọ̀, nígbà ọgọ́ta,
á sún abẹ́rẹ́ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan.
Bí iná bá yára, òun náà á yára.
Bí iná bá ń wọ́sẹ̀, á wọ́ tẹ̀lé e.

Nínú yàrá abẹ́ilẹ̀ wa ní Winipẹẹgi,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo ki wáyà kan bọ ihò iná.
Láti oṣù Kẹsàn-án ló ti ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún mi,
ẹgbàá mẹ́tàlélógójì ó lé irínwó lójúmọ́.
Ìyàwó mi béèrè ta ló bẹ̀ mí níṣẹ́.

Ní Ìkìrun tí wọ́n bí mi sí, ìṣirò iná kò le:
ó wà, tàbí kò sí.
Ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ lè ya àtẹ rẹ̀.
Níhìn-ín, ohun tó wà láàárín "ó wà" àti "ó wà" ni mò ń kà.

Mo fi àtẹ náà han Orísíà.
Ó rò pé òkè kan ṣoṣo ló yẹ kó ga lórí ọgọ́ta,
àmọ́ èjìká méjì ló rí, tí kò sí orí láàárín wọn.
Mo ní àwọn ẹ̀rọ ńlá kì í dìde fún àṣìṣe kékeré;
wọ́n á jẹ́ kó ṣáko díẹ̀ kí wọ́n tó fà á padà.
"Pẹ́tírò gan-an nìyẹn," ó wí, kò rẹ́rìn-ín.

Mo tọ́ka sí ìpẹ̀kun òsì, níbi tí àtẹ ti tín-ín-rín bí ìpéǹpéjú:
òru Ajé kan nínú oṣù Kọkànlá,
aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.
Ẹ̀rọ kan já níbì kan, bóyá ní Ohio, bóyá ní Georgia.
Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni iná fi rẹlẹ̀ sí ọgọ́ta.
Gílóòbù kankan kò ṣẹ́jú. Fíríìjì kò mọ̀.
Ṣùgbọ́n gbogbo irin tó ń yí,
láti ìdídò tí Pẹ́tírò ti ṣiṣẹ́ lórí odò Winipẹẹgi
títí dé Florida níbi tí òtútù kì í dé,
gbogbo wọn ló falẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
bí èèyàn mẹ́jọ tó ru pósí kan tí ẹnìkan kọsẹ̀:
orúnkún gbogbo wọn rọ̀, pósí kò balẹ̀.

Ó dákẹ́.
"Ṣé ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì wà níbẹ̀?"
Ó wà.
"Aago méjì òru kọjá ogún ìṣẹ́jú."

Mo wá a. Mò ń gbàdúrà pé kí iná ti mì,
kí ìlà kan ti ṣubú, kí n lè rí nǹkan gbé lé e lọ́wọ́.
Ọgọ́ta, àti ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún.
Èyí tó ṣáájú rẹ̀, bákan náà.
Èyí tó tẹ̀lé e, bákan náà.
Inú kòtò àárín èjìká méjì, níbi tí orí yẹ kó wà.
Kò sí òru tó parọ́rọ́ tó o nínú oṣù náà.
Mo fẹ́ purọ́. Nọ́ńbà náà ń wò wá lójú.

Ó ní kí n kọ ọ́ síwèé fún òun.
Ó dojú aago délẹ̀ láì yọ ọ́ nínú iná,
ó fi téèpù lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀,
ó gbé e padà sórí ìṣó. Kò yí abẹ́rẹ́ padà.
Mo ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ yẹn,
iná á gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lóru.
"Kó má kánjú," ni Orísíà wí.